Ẹ Má Tíì Gbẹ́ Sàréè Dè É: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tó Ń Fẹ́ Kí Ààyò Wọn Kú Nínú Ánímè

Ènìyàn á fẹ́ràn ẹ̀dá-ìtàn kan dé góńgó, á fi àwòrán rẹ̀ sójú fóònù, á mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí, síbẹ̀ òun náà ni yóò tún lanu sọ pé, "Bí eléyìí kò bá kú, ìtàn yìí ti bàjẹ́." Ẹni tí kì í wo ánímè, eré àwòrán-aláfọwọ́yà ti Japan, á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ibi tó ti ń wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló ń pe ikú nígbà tó jẹ́ pé ohun mìíràn ni wọ́n ń wá: wọ́n fẹ́ kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó má ṣeé dá padà. Ikú ni wọ́n mọ̀ tó lè ṣe é, ni wọ́n bá ń pè é.

Kí n tó bọ́ sí i, mo máa dárúkọ òkú. Ẹni tí kò bá tíì wo Death Note, Naruto, Attack on Titan, Fullmetal Alchemist, Madoka Magica, Jujutsu Kaisen tàbí fíìmù Demon Slayer ti 2020, tí kò sì fẹ́ mọ ẹni tó kú níbẹ̀, kó yáa wò wọ́n ná.

Ẹ má pè wọ́n ní ìkà

Èyí kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó ń fẹ́ ikú, ti àwọn tó ń bú wọn ni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní 1970. Nínú máńgà (ìwé ìtàn aláwòrán ti Japan) Ashita no Joe, tí Tetsuya Chiba ń yà, akànṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Rikiishi, alátakò Joe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Chiba ti ya Rikiishi ga ju Joe lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín àwọn akànṣẹ́. Kí àwọn méjèèjì tó lè pàdé nínú ìdíje, àfi kí Rikiishi gbẹ. Ó febi pa ara rẹ̀ títí egungun fi yọ, ó na Joe, ó sì ṣubú lulẹ̀ kú. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nǹkan bí 700 ènìyàn ló péjọ ṣe ìsìnkú fún un ní Kodansha, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ máńgà náà jáde. Ìsìnkú ẹni tí wọ́n fi yíǹkì yà! Ká ní Rikiishi kàn fìdí rẹmi ni, tó palẹ̀ mọ́, tó lọ sílé, ta ni ì bá wọ aṣọ ọ̀fọ̀ nítorí rẹ̀?

Ní 1956, Donald Horton àti R. Richard Wohl kọ̀wé nípa irú ọ̀rẹ́ báyìí, ọ̀rẹ́ apá kan, tí òǹwòran máa ń bá ẹni tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ṣe láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀ ọ́n rí. Ìbànújẹ́ tó ń tinú ọ̀rẹ́ yẹn wá kì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ ó ní àǹfààní kan tí ọ̀fọ̀ gidi kò ní: kò sí ẹni tó kú nílé. Ènìyàn lè sunkún tẹ́rùn, kó nujú, kó lọ sùn. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó sunkún Rikiishi rí ohun tí ìlérí láàrin akànṣẹ́ méjì lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ó rí i kedere. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ kí ààyò òun kú, ẹ má tíì bú u. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́ rí.

Ẹ má fi iye òkú díwọ̀n ìtàn

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ pe ikú ni pé àwọn tí kò ṣeé pa ti sú wọn. Òkè wó lu olú ẹ̀dá-ìtàn, ó dìde. Idà gún un láyà, ó dìde. Wọ́n jù ú sílẹ̀ látòkè ilé gogoro, ó gbọn eruku dànù, ó pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, agbára tuntun dé. Nígbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rù kì í ba òǹwòran mọ́. Ńṣe ló ń wò ó bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù àná lẹ́yìn tó ti gbọ́ iye góòlù tí wọ́n jẹ. Ẹ̀sùn yẹn tọ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń júwe fún un ni kò tọ́, pé kí wọ́n ṣáà máa kú.

Nínú Madoka Magica ti 2011, apá kẹta ni Mami, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá àjẹ́ jà, kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ pé òun kò dá wà mọ́ ni àjẹ́ bá bù ú lórí jẹ. Ikú kan péré, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, kò sí ìjà kankan nínú ìtàn ọ̀hún tí ọkàn ènìyàn lè balẹ̀ wò. Ìtàn tó bá ń pa ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní tirẹ̀ ń kọ́ òǹwòran láti má fẹ́ràn ẹnikẹ́ni ni. Bí wọ́n bá ti mú ẹni tuntun wọlé, tó ní òun máa gbéyàwó lẹ́yìn ogun, a ti mọ̀ pé ó ti tán fún un. (Yoshiyuki Tomino, olùdarí tó dá ánímè Gundam sílẹ̀, ti gba orúkọ ìnagijẹ látàrí bó ṣe máa ń pa àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ tán, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun mọ ohun tó ń ṣe ju àwọn tó ń sín in jẹ lọ.)

Ẹ má yan ẹni tí ìtàn kò lè ṣe aláìní

Death Note ní apá 37. Apá 25 ni L, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń lépa Light, apànìyàn tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, kú. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí apá 12 tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ló sì ní kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ikú L tọ́. Bí Light kò bá lè borí láé, kí ni à ń bẹ̀rù rẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n kì í ṣe Light nìkan ni a wá wò, kì í sì í ṣe L nìkan. Àárín àwọn méjèèjì ni: bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, tí oníkálùkù sì mọ̀ pé ẹnì kejì ń wá ìparun òun. Nígbà tí L lọ, àárín yẹn bá a lọ. Near àti Mello wá pín ipò rẹ̀ láàrin ara wọn, kò sì tó. Ẹni tó bá ń pe ikú ààyò rẹ̀, kó ro ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wò. Ta ni yóò máa ko olú ẹ̀dá-ìtàn lójú? Ta ni yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín?

Ẹ má rò pé ara òkú ni ikú parí sí

Ohun tí wọ́n ń gbàgbé jù nìyí. Ẹni tó kú ti lọ ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó kù ni ikú ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí Maes Hughes nínú Fullmetal Alchemist, ọkùnrin tó fi àwòrán ọmọ rẹ̀ dá gbogbo ènìyàn lágara. Bí wọ́n ṣe pa á nídìí tẹlifóònù dunni, àmọ́ ibi ìsìnkú ni omijé ti bọ́, nígbà tí Elicia ọmọ rẹ̀ kékeré ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń bo bàbá òun mọ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ti Sasha, ọmọ ogun kan nínú Attack on Titan, tún kọ́ni ju ìyẹn lọ. Hajime Isayama, tó kọ ìtàn náà, ti gbèrò àtipa á tipẹ́tipẹ́, nígbà tí Sasha lọ gba ọmọbìnrin kékeré kan là lọ́wọ́ òmìrán ní abúlé. Olóòtú rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dá a sí. Ká ní ó kú níjọ́ náà, à bá sunkún díẹ̀, à bá sì máa bá ìtàn lọ. Nígbà tó wá kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Gabi ló yìnbọn pa á, ọmọdé tó ń jagun fún Marley, orílẹ̀-èdè ọ̀tá. Inú bí àwọn òǹwòran débi pé ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí Gabi náà kú kíákíá. Ìtàn ọ̀hún sì ti dúró dè wọ́n níbẹ̀. Niccolo, alásè tó fẹ́ràn Sasha, gbá Gabi mú, ó ní kí àwọn òbí Sasha gbẹ̀san. Bàbá Sasha gba ọ̀bẹ náà. Kò lò ó. Ó ní inú igbó ńlá kan ni ayé yìí, àwọn àgbà ló yẹ kó ru ẹ̀ṣẹ̀ àná, kí wọ́n mú àwọn ọmọdé jáde kúrò níbẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán dáadáa tí ọmọ kan fi yọ ọ̀bẹ sí Gabi. Kaya ni, ọmọ tí Sasha gbà là ní abúlé yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ikú tí yóò dùn ún dọ́kàn, irú èyí ló ń wá. Kò ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ má pe ikú lónìí, kí ẹ tún pe àjíǹde lọ́la

Nígbà tí Frieza, ọ̀tá wọn, fọ́ Krillin, ọ̀rẹ́ Goku, yángá nínú Dragon Ball, ìbínú yí Goku padà di ohun tí a kò rí rí. Ó gbóná. Ṣùgbọ́n níbi tí bọ́ọ̀lù idán méje ti lè jí òkú, ikú di ohun tí a ń fi sùúrù dúró dè pé kó kọjá. Naruto ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pain ba Konoha, abúlé Naruto, jẹ́, ó pa ọ̀pọ̀, Kakashi olùkọ́ rẹ̀ wà nínú wọn, Nagato, ẹni tó wà lẹ́yìn Pain, sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dá wọn padà. Pain yìí kan náà ló ti pa Jiraiya, olùkọ́ Naruto mìíràn, Jiraiya kò sì padà. Naruto jókòó ní òun nìkan lóru, yìnyín dídùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń yọ́, ó ń sunkún. Ẹ bi olólùfẹ́ Naruto èyí tó rántí jù nínú méjèèjì.

Ẹ má rò pé òjijì nìkan ló ń dunni

Orí 235 nínú máńgà Jujutsu Kaisen parí bíi pé Gojo, akọni tó lágbára jù níbẹ̀, ti borí. Orí 236, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023, ṣí sí ibi tí Gojo ti ń bá àwọn òkú sọ̀rọ̀. A kò rí bí ọ̀tá ṣe gé e, òkú rẹ̀ la kàn rí. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi ní wọ́n yọ wá sílẹ̀. Ẹ fi wé Rengoku, ajagun tó ń bá ẹ̀mí èṣù jà, nínú fíìmù Demon Slayer. Ó jà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sí ẹnì kan tó kú nínú èrò 200 tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì bi ìyá rẹ̀ tó ti kú bóyá òun ṣe dáadáa. A jókòó tì í dé òpin. Fíìmù náà pa ju bílíọ̀nù 40 yẹ́ẹ̀nì ní Japan, gbogbo àwọn tó ka máńgà ló sì ti mọ̀ pé yóò kú kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó kù kò gùn. Ẹ má fẹ́ ikú ọmọbìnrin nítorí pé ó dúró láàrin àwọn méjì tí ẹ fẹ́ kó fẹ́ ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn, owú ni. Ẹ má bú òǹkọ̀wé nígbà tó bá fún yín ní ohun tí ẹ béèrè. Bí ikú ọ̀hún bá sì dé, ẹ má kéde rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Máńgà máa ń ṣáájú ánímè jìnnà: 2018 ni Sasha kú nínú máńgà, 2021 ni ánímè tó dé ibẹ̀. Àwọn tó kà á nígbà náà, tí wọ́n pa ẹnu mọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, tí wọ́n kàn ń fọgbọ́n sọ pé, "Máa wò ó lọ", ẹ kú iṣẹ́ o.