Bí mo ṣe gba àyè padà lórí SSD 128GB mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta SSD tí kò bá ẹ̀rọ mi mu fún mi

Owó tí mo san lórí SSD tuntun (ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó fáìlì pamọ́ sí) ní Computer Village, Ìkẹjà, tó láti tẹ ìwé ètò ìsìnkú igba ẹ̀dà, aláwọ̀ mèremère, lórí bébà tó nípọn. Ìwé ìsìnkú gan-an ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. SSD tí mo rà yẹn kò ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rárá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá Bàjùlàiyé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mo máa ń ya iṣẹ́ fún àwọn onítẹ̀wé: ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà, báńà, ìwé ìsìnkú. Láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ tòkunbọ̀, SSD inú rẹ̀ kò ju 128GB lọ. Lọ́jọ́ náà, àwòrán màmá olóògbé ni mo ń tún ṣe, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, ni Photoshop bá kọ ọ́ síwájú mi pé “scratch disks are full”, ìyẹn ni pé àyè tó ń da iṣẹ́ sí ti kún. Ó kọ̀, kò ṣe nǹkan kan mọ́. Mo wo C:, ìyẹn SSD náà, ó ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, àyè tó kù kò tó 1GB. Àwọn ọmọ olókùú sì fẹ́ gba iṣẹ́ wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Onípánù, ó di Ìkẹjà. Ọkùnrin tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù kò béèrè ohun tó jẹ àyè náà tán. Kò ṣí fódà kan ṣoṣo wò. Ó ní, “Àǹtí mi, 128 ti kéré jù, ta ló tún ń lò ó? Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi 512 sí i.” Mo bi í bóyá ó máa bá ẹ̀rọ mi mu. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí, ó máa wọlé.” Ó wọlé lóòótọ́, ó tiẹ̀ ti ìdè mọ́ ọn, àmọ́ láptọ́ọ̀pù kò rí i. A pa á, a tún un tàn, ó wọ inú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn), kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oríṣi SSD tí wọ́n ń pè ní NVMe ló tà fún mi, bẹ́ẹ̀ ihò M.2 (ibi tí wọ́n ń ki SSD bọ̀) inú láptọ́ọ̀pù mi, oríṣi kejì tó ń jẹ́ SATA nìkan ló mọ̀. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ó sì lè jẹ́ gígùn kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ wo eyín aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́nu rẹ̀: SATA sábà máa ń ní ojú gígé méjì, NVMe ní ẹyọ kan. Ẹni tó ń ta á lójoojúmọ́ yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gba owó ẹni. Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó nawọ́ sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ó ní kí n fowó kún un kó bá mi wá òmíràn. Mo ní kó dá SSD mi àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo kúrò níbẹ̀.

Àwọn ohun tí gbogbo ayé mọ̀, mo ti ṣe wọ́n ṣáájú: mo ti da Recycle Bin nù, mo ti palẹ̀ Downloads mọ́, mo ti yọ ètò tí mi ò lò mọ́ kúrò. Bí Windows bá sì ń pe 128GB yín ní 119, kò sẹ́ni tó jí i. Ẹni tó ṣe é fi 1,000 kà á, Windows ń fi 1,024 kà á.

Ìṣirò ló dá mi dúró. Mo wo ìwọ̀n fódà Windows, Program Files méjèèjì, Documents, Desktop, Pictures àti Downloads. Àpapọ̀ wọn kò tó 70GB, Windows sì ń sọ pé ohun tó ti kún lé ní 118. Níbo ni ìyókù wà? Mo kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn bébà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́, mo tún un rò, kò yí padà. Ilẹ̀ ti ṣú, NEPA ti mú iná lọ, epo ń jó nínú jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ olókùú wà nílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí n wọ C:\Windows, kí n pa fódà WinSxS rẹ́ torí pé ó tóbi. Mi ò gbà fún un, ẹ̀yin náà ẹ má gbà. Ibẹ̀ ni Windows ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ sí, ẹni tó bá fọwọ́ pa á rẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ lè má dìde mọ́. Títóbi tí ó tóbi yẹn pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́: fáìlì kan náà lè ní orúkọ níbi méjì, kí a sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní kí Windows fi gbogbo ohun tó fi pamọ́ hàn mí. hiberfil.sys ló kọ́kọ́ yọjú. Inú rẹ̀ ni Windows ń da ohun tó wà nínú RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) bí ẹ bá fi ẹ̀rọ sí hibernate, ìyẹn kí ẹ̀rọ pa, kí iṣẹ́ yín sì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ní Windows 10, ó sábà máa ń tó ìdá 40 nínú 100 RAM. RAM tèmi jẹ́ 8GB, nítorí náà ó lé díẹ̀ ní 3GB. Mo ṣí Command Prompt (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) gẹ́gẹ́ bí administrator, mo tẹ powercfg /h off, ó pòórá. Ẹ̀rọ á kàn máa pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tàn. Àmọ́ kí ni 3GB fẹ́ ṣe nínú bí 50 tí mò ń wá?

WinDirStat ló tú àṣírí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Ó ń fi àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi ya gbogbo fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ, èyí tó bá tóbi, àpótí rẹ̀ á tóbi. Bó ṣe parí ni mo rí àwọn àpótí ràgàjì kan tí wọ́n tò ti ara wọn. Mo tẹ ọ̀kan, ó gbé mi lọ sí AppData, Local, Temp. Photoshop Temp ni orúkọ gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà jáńtírẹrẹ wá tẹ̀ lé e. Ọ̀kan jẹ́ 9GB, òmíràn 6GB, òmíràn 7GB, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ. Mo wá wo ọjọ́ tó wà lára wọn. Ọ̀kan bọ́ sí ọjọ́ tí tiransifọ́mà àdúgbò wa bú!

Bí RAM kò bá tó Photoshop, á máa da iṣẹ́ sórí SSD. Bí ẹ bá tì í pa bó ṣe yẹ, á kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì mi ti kú, tí NEPA bá ti mú iná, ẹ̀rọ á kú lójijì pẹ̀lú rẹ̀, Photoshop kò sì ráyè palẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí iná lọ lójú iṣẹ́, fáìlì ńlá kan ló kù sílẹ̀. Ohun tó kún SSD mi nìyẹn, kì í ṣe pé 128 kéré.

Mo ti Photoshop pa, mo sàmì sí gbogbo wọn, mo fi Shift àti Delete pa wọ́n rẹ́ kí wọ́n má baà lọ jókòó sínú Recycle Bin lórí SSD kan náà. 44GB ló ṣí sílẹ̀! Mo pariwo. Ẹ̀rọ náà tún yára sí i, torí SSD kì í kọ nǹkan tuntun lé àtijọ́ lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu odindi búlọ́ọ̀kù kan, bí kò bá sì sí àyè tó ṣófo, ṣe ni á máa kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn kó tó kọ ohun tí ẹ ní kó kọ. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí àyè tó ṣófo lọ sílẹ̀ ju 20GB lọ. Wọ́n tẹ ìwé màmá náà lọ́jọ́ kejì, iyùn yẹn jáde dáadáa.

Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi ní Ìkẹjà ì bá ti rí gbogbo èyí ká ní ó wò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó jẹ àyè náà hàn yín. Bó bá wá di dandan kí ẹ rà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ti àtijọ́ jáde, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ wo ojú gígé wọn, kí BIOS rí i kí ẹ tó yọ owó. Mo ti wá ra casing (àpótí kékeré tí wọ́n ń ki SSD sí) tí wọ́n ń fi okùn USB lò fún NVMe ọ̀hún, owó mìíràn nìyẹn, àwọn iṣẹ́ tó ti parí ni mò ń kó sínú rẹ̀. Casing ti SATA wà lọ́tọ̀ o, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà fún mi.

Bátìrì tuntun ni ìnáwó tí mi ò kábàámọ̀. Tí iná bá lọ báyìí, mo ń ráyè tọ́jú iṣẹ́ mi, kí n sì ti Photoshop pa jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ṣì máa ń ṣí fódà Temp yẹn wò ní Ọjọ́ Ẹtì kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù.