Wọ́n lé òṣìṣẹ́ láìsí ìkìlọ̀ ní Ìkòròdú: bí owó rẹ̀ ṣe jáde

Ọdún mẹ́fà ló lò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ lọ́jọ́ kan náà, owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ fún kò sì wọlé.

Lọ́yà àkọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń há: abala 254C ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fi ọ̀ràn iṣẹ́ sábẹ́ National Industrial Court (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́), ti Èkó sì wà ní Ìkòyí. Ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà pé kóòtù wo ló máa gbé e lọ. Bó bá ń wòkè wòlẹ̀, ẹ dìde.

Lọ́yà kejì ṣí Labour Act, òfin iṣẹ́: ọdún 5 sókè, ìkìlọ̀ oṣù 1, ọdún 2 sí 5, ọ̀sẹ̀ 2. (Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì kò sí lábẹ́ èyí, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn la máa wò.) Ó gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti sítétímẹ́ǹtì báńkì. Ọ̀rọ̀ WhatsApp láàárín òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde láìsí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Evidence Act 2011 (òfin ẹ̀rí ní kóòtù) béèrè fún, lọ́yà ilé-iṣẹ́ máa ta kò ó.

Ó kọ lẹ́tà, ó lẹ òǹtẹ̀ NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà) mọ́ ọn, ó fún wọn ní ọjọ́ 14. Wọ́n san owó ìkìlọ̀ oṣù kan àti owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ìwé kan máa ń bá owó wá o, tó ní gbogbo gbèsè ti tán: ẹ má fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó kà á.

Owó iṣẹ́ lọ́yà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ti lẹ́tà lọ́tọ̀, ti kóòtù lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ Ìkòyí lọ́tọ̀. Ẹni tí kò lówó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.