Kí ẹgbẹ́ obìnrin tó wọ bàálù lọ sí àríwá Kánádà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ní Winnipeg tàbí Toronto bá ti pinnu pé àwọn fẹ́ lọ kí àwọn obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, Cree, Oji-Cree, Dene tàbí Inuit, tó wà lókè àríwá, ìkéde tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí kálukú kó aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ wá. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì á ti kún fún àpò. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú wọ̀nyí ni títì kò dé. Nunavut, agbègbè ńlá kan lókè àríwá, ní ìlú 25, kò sì sí títì tó so ọ̀kan mọ́ èkejì nínú wọn. Bàálù ló sábà máa ń gbé èèyàn àti oúnjẹ, kílò ni wọ́n sì fi ń gba owó ẹrù. Owó tí ẹ máa fi gbé aṣọ àlòkù, ẹ lè fi gbé mílíìkì ọmọ ọwọ́ àti èso tútù tó wọ́n bí ojú níbẹ̀. Aṣọ tí kò bá sì wúlò, ààtàn ìlú náà ló ń lọ, wọn ò ní ibòmíì tí wọ́n máa kó o sí. Ká má tíì sọ ti ìtìjú. Ta ni nínú wa tí àlejò máa gbé aṣọ gbígbó fún níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ máa dùn?

Ẹ pe àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n lè ní òwú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán awọ, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ àti tíì làwọn fẹ́. Wọ́n sì lè ní kí ẹ má gbé nǹkan kan wá. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà fún wọn.

Èyí tó tún burú ju ti aṣọ lọ ni ká máa pe ìrìn àjò náà ní ìwàásù fún àwọn tí kò tíì mọ Jésù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọdún wọ̀nyí. John West, tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ràn lọ́wọ́, ti dé Red River, níbi tí Winnipeg wà lónìí, ní 1820. Ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther, tí CMS kan náà rán, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Henry Budd, ọmọ Cree tó kàwé ní iléewé West, gba oyè díákónì ní 1850, ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́wọ́ lé Crowther lórí ní London. Odidi Bíbélì ní èdè Cree ti jáde ní 1862. Tiwa kò pé títí di 1884. Láti nǹkan bí 1840 ní Norway House, ìlú Cree kan ní Manitoba, ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà tiwọn tẹ orin ìsìn. Nígbà tí Ìjọ Áńgílíkà Kánádà sì dá dáyósíìsì Mishamikoweesh sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní 2014, obìnrin ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́, Lydia Mamakwa. Ìyá tó ń kọrin láti inú ìwé tí ìyá ìyá rẹ̀ ti lò ni ẹ wá fẹ́ lọ jèrè ọkàn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n àgbà tí wọ́n jẹ́ nínú ìgbàgbọ́ yìí, ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti wá. Bí àwa bá gbọ́ bọ́ọ̀dìn, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni àpótí irin, gàrí, Milo, àti òbí tó tọrọ owó kó lè san án. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tó lé ní 150,000 ló gba inú iléewé bọ́ọ̀dìn tí ìjọba Kánádà dá sílẹ̀ kọjá. Ìjọ Kátólíìkì, Áńgílíkà, United àti Presbyterian ni wọ́n ń bá ìjọba ṣàkóso rẹ̀. Láti 1920, òfin fún ìjọba lágbára láti fipá mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Wọ́n ń lù wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú síbẹ̀, àwọn kan kò sì ní àmì lórí sàréè. Àárín àwọn ọdún 1990 sí ìparí rẹ̀ ni wọ́n tó ti èyí tó kẹ́yìn pa. Michael Peers, tó jẹ́ olórí Ìjọ Áńgílíkà Kánádà nígbà náà, tọrọ àforíjì ní 1993, Póòpù Francis sì wá tọrọ tirẹ̀ ní 2022, títí dé Iqaluit, olú ìlú Nunavut.

Àwọn ìyá àgbà tí ẹ máa bá ní ìjókòó iwájú lè jẹ́ ọmọ iléewé yẹn. Nítorí náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé, “Mọ́mì, kí ni wọ́n ṣe fún yín níbẹ̀?” Bó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ní ìgbà kẹta tí ẹ máa wá. Bó bá sọ ọ́, ẹ má sáré sọ fún un pé kó dárí jì wọ́n. Àlejò kì í pàṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì kó ègún ìran dé ibẹ̀ rárá. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan gbọ́ pé ọtí tàbí ìpara-ẹni ń da ìlú kan láàmú, kíá, àdúrà ti di ti ìdè ìdílé, wọ́n ti ń tú ìdè tó wà lọ́wọ́ baba ńlá. Kì í ṣe baba ńlá wọn ló kó ọmọ lọ. Ẹni tó bá gbàdúrà báyẹn ti gbé ẹ̀bi ẹlòmíì lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí.

Ọ̀rọ̀ ìlù náà wà ńbẹ̀. Láti 1885 títí di 1951 ni òfin Kánádà fi ka àwọn ayẹyẹ ìbílẹ̀ kan léèwọ̀, lónìí ìlù ti ń padà dún, àwọn ìjọ tó wà lókè yẹn fúnra wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà á sínú ìsìn, àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ má bá wọn dá sí i. Àwa tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́kọ́ ní kí a má gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí gángan wá ń sọ̀rọ̀ níwájú pẹpẹ wa lónìí, kò yẹ ká máa pe ìlù ẹlòmíì ní òrìṣà.

Ariwo tiwa náà ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìdàpọ̀ obìnrin ṣe sábà máa ń rí ní ìlú Cree kékeré. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, tíì ńlá wà lórí tábìlì, bannock, búrẹ́dì àwọn ọmọ ìbílẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín wà nínú àwo pẹ̀lú jáàmù. Àwọn ìyá mélòó kan ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára awọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bàtà, wọ́n á fi ẹnu abẹ́rẹ́ he mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á fà á. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan dá nọ́ńbà orin, wọ́n sì kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹsẹ rẹ̀, wọn ò fo ọ̀kan. Ara wa kì í gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹnì kan nínú wa á dìde, á ní, “Praise the Lord!”, á gba gbohùngbohùn, ìdàpọ̀ á sì di ti àlejò. Lójú àwọn ìyá yẹn, ìdàpọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́ kí ẹ tó dìde. Ẹ jókòó. Ẹ mu tíì. Ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú, kó ní kí wọ́n kọ́ òun.

Ìwé ètò tí a tẹ̀ láti ilé, agogo mẹ́wàá ìkíni, mẹ́wàá ààbọ̀ ẹ̀rí, kò wúlò níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ kò bá dáa, bàálù ò ní gbéra, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹnì kan bá kú, gbogbo ìlú máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ètò yín náà á sì dúró. Ẹ lọ síbi àìsùn, ẹ bá wọn fọ abọ́. Ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ máa lọ. Ní agbègbè Island Lake ní Manitoba, orí adágún tó dì làwọn ọkọ̀ ń gbà nígbà òtútù. Ìgbà tí omi ń dì àti ìgbà tó ń yọ́ ló le jù, torí ọkọ̀ ojú omi ò lè rìn, Ski-Doo, ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí yìnyín, náà ò sì lè gun orí rẹ̀. Ó pẹ́ tí Wasagamack, ìlú kan níbẹ̀, ti ń wà láìní pápá bàálù tirẹ̀; St. Theresa Point ni èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀, á wá kọjá omi. Lọ́dọ̀ àwọn Cree ti James Bay ní Quebec, iléewé ń ní ìsinmi ọdẹ ẹyẹ ní oṣù karùn-ún, gbogbo ìdílé á kó lọ sínú igbó. Ẹni tó bá lọ nígbà náà á bá ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo.

Ọ̀pọ̀ ìlú wọ̀nyí ló ti fòfin de ọtí pátápátá, wọ́n sì lè yẹ ẹrù wò, nítorí náà, ẹ béèrè kódà lórí wáìnì ìdàpọ̀ mímọ́. Fọ́tò ọmọdé, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òbí, rárá. Ẹ má dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá fi fọ́tò sórí WhatsApp, kí ó parí síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé, nígbà tí a ń kówó jọ fún tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin tí a fẹ́ lọ kí wà ní Winnipeg níbí. Ọ̀pọ̀ ìlú àríwá ni kò ní ibi ìgbẹ̀bí, nítorí náà wọ́n ń gbé aláboyún wá sí ìlú ńlá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kó tó bímọ, nígbà mìíràn láìsí ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní àrùn kíndìnrín náà ń wá fún ìtọ́jú, àwọn mìíràn sì ń gbé níbí fún ọdún. Inú òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìgbàlejò ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹ lọ bá ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ ìbílẹ̀ tó wà nínú ìlú, kí wọ́n mú yín mọ ẹni tó fẹ́ àlejò. Ẹ fi mọ́tò gbé e lọ ra nǹkan. Ẹ bá a jókòó títí wọn á fi pè é wọlé lọ́dọ̀ dókítà. Bó bá sọ pé òun ń fẹ́ ẹja láti ilé, ẹ má ṣèlérí rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà yẹn.