Ẹ má fi bánà pe ìsọjí o: àṣìṣe tá a ti ṣe n'Íléṣà

Tó o bá gba Òkè-Ooye kọjá n'Íléṣà, wo àwọn òpó iná dáadáa, wàá rí bánà ìsọjí lórí bánà ìsọjí, tọdún yìí bo ti èṣí mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ti ya etí ẹ̀ kan, ojú wòlíì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sì ń yọ́ wo èèyàn lábẹ́. Mo mọ̀ nítorí pé èmi gan-an so nínú ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé kọmití ìsọjí nínú ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìjọ bò láṣìírí, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí mò ń bínú nísàlẹ̀ yìí, ara mi ni mò ń bá wí.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni pé a rò pé tá a bá ti mú ọjọ́, tá a tẹ bánà, tá a háyà jẹnẹrétọ̀, Ọlọ́run ti wọ mọ́tò nìyẹn. N'Íléṣà níbí, gbogbo wa la máa ń fi ìsọjí ńlá ọdún 1930 yangàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Oṣù keje ọdún yẹn, àwọn àgbà ìjọ aládùúrà kan tó ń jẹ́ Faith Tabernacle kóra jọ s'Ókè-Ooye, ṣé wọ́n wá ṣe ìsọjí ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ tó ń fa awuyewuye láàárín wọn ni wọ́n wá yanjú. Joseph Ayo Babalola tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì kí Ọlọ́run tó pè é lọ́dún 1928 lọ́nà Ìkejì-Arákejì, òun náà wá síbẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé òkú ọmọ kan jí nígbà tó gbàdúrà, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú, tomi tomi lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá àwọn súre sí i, àwọn mìíràn ń kó oògùn ilé wọn wá sun níná. Èmi ò tíì rí ibi tí ìtàn yẹn ti sọ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ háyà kánópì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má mú ọjọ́ o, ta ló lè pe èèyàn jọ láìmú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ká wá kọ ọ́ sí bánà pé Ọlọ́run á sọ̀kalẹ̀ láti Wẹsidé sí Fúráìdè, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ géérégé, ta ló bá A ṣe àdéhùn yẹn?

Ti kánópì tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún kẹta tí mo ṣe akọ̀wé, a ò tíì san owó kánópì ti èṣí tán tá a fi tún lọ gbé òmíràn lọ́wọ́ bàbá kan náà. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyìn ń lọ lọ́wọ́, kwáyà ti gbóná, mo kàn rí bàbá yìí tó wọlé, ó rìn gba àárín èèyàn, ó sì lóṣòó síwájú pẹpẹ, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn lóṣòó bí òṣómàáló ayé àtijọ́ tó wá sin gbèsè aṣọ. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ rò pé ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi mọ ohun tó gbé e. Wòlíì àlejò wa gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní kí Olúwa dá ohun tó sọnù padà fún un, bàbá yẹn ní "Àmín" tó le gan-an, ó wá tẹjú mọ́ mi.

Ẹ má ṣe ìsọjí lórí gbèsè, ẹ jọ̀ọ́.

Èkejì ni ti kókó àdúrà. Mo padà wo ìwé tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ lọ́dún yẹn. Kókó mọ́kànlélógún. Méjìdínlógún dá lórí ọ̀tá, méjì lórí owó, ẹyọ kan péré ló dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá wa sì ni. Habakuku ní "mú iṣẹ́ rẹ sọjí", iṣẹ́ Ọlọ́run ló wí, kò sọ pé kí bisinẹ́ẹ̀sì tèmi sọjí. Àwọn ará 1930 kó oògùn tiwọn wá sun, àwa ń gbàdúrà kí iná jó ti aládùúgbò.

Bẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ yí ojú gbohùngbohùn kúrò ní fèrèsé ẹni tó ń sùn.

Ẹ̀kẹta yìí ló ń dùn mí jù. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kó da oògùn tí dókítà fún un nù. Àbúrò màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n gbàdúrà fún un lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ju oògùn ẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kwáyà jó. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ẹnu ẹ̀ fi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó na maíkì sí i lọ́jọ́ náà kò yọjú sọ́sìbítù. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín wa o, ó wà lára ohun tó ya àwọn àgbà ìsọjí 1930 yẹn àtàwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó wá bá wọn láti Bìrìtéènì, torí àwọn òyìnbó ń lo kuiníìnì sí ibà. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo èèyàn sàn. Dókítà ni kó sọ ìgbà tí oògùn máa dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ má di gbogbo ẹrù lé ẹnì kan lórí. Evan Roberts tó wà nídìí ìsọjí Wales ní Bìrìtéènì lọ́dún 1904, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ kùsà ẹ̀dú ló ti ṣe rí, nígbà tó fi máa di 1906 ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fà sẹ́yìn kúrò níwájú èrò. Wòlíì tiwa wàásù n'Ífẹ̀ láàárọ̀, ó wàásù n'Íléṣà lálẹ́, a tún ní kó dúró ṣe ìṣọ́ òru.

Lọ́dún yìí, mo ní kí kọmití ṣe bíi tàwọn ará 1930, ká yanjú ọ̀rọ̀ ná. Ṣé ẹ rí i, Bàbá Alàgbà kan àti Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà wa, ọdún mẹ́rin ni wọn ò kí ara wọn nítorí owó àjọ, wọ́n á jọ kúnlẹ̀ lórí ẹní kan náà pe iná sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n bá dìde, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A pè wọ́n jókòó láàárọ̀ Sátidé. Wákàtí mẹ́ta. Bàbá kó ìwé àjọ jáde, Màmá ní irọ́ ló wà nínú ẹ̀, Bàbá kọ́kọ́ gbéra ńlẹ̀, ó tún padà jókòó, ó ní "Ẹ má bínú, Màmá, mo ná an ni." Màmá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kó kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó kọ ọ́.

A ò tíì tẹ bánà. Èmi àti bàbá oníkánópì ríra lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó gbogbo owó ẹ̀ tó kù fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, ó ní kánópì mélòó la tún fẹ́ báyìí, mo ní a ò tíì fẹ́.