Ẹ̀pà ìgò ni mo fi ṣe Kérésì lọ́dún yìí

₦45,000! Iye tí wọ́n pe apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn Kérésì kan ṣoṣo fún mi nìyẹn. Bisikíìtì, tíì, páálí kọnfíléèkì àti wáìnì kan, ni wọ́n bá fi ọ̀rá dídán wé e bí ìyàwó tuntun. Bébà tí wọ́n rún sísàlẹ̀ ló gba ìdajì apẹ̀rẹ̀ náà. Ìyá ọkọ mi ń retí, tíṣà àwọn ọmọ ń retí, àwọn ará ilé ń retí. Mo ní kí wọ́n gbé ọjà wọn padà sórí kántà.

Ẹ̀pà ìgò ni mo bá kọjú sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀pà inú ìgò ọtí n'Ìbàdàn, tèmi ṣáà ní láti rẹwà ju ti etí títì lọ. Mi ò ní máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn. Kó ṣáà ti tutù délẹ̀ kó tó wọ ìgò, torí ooru rẹ̀ ló ń di omi nínú ibẹ̀, tí ẹ̀pà á fi bu. Ẹ̀pà tó bu kì í ṣe ohun à ń gbé fún ìyá ọkọ.

Wàhálà mi, ìgò ni. Ìyá onígò tí mo bá pàdé ní Bódìjà ní, "Àǹtí, omi lásán ló máa bó lébẹ́ẹ̀lì yẹn." Irọ́ ńlá! Àwọn tó jẹ́ bébà gidi rọ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n sì bó lóòótọ́. Àmọ́ àwọn ìgò wáìnì aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ràn jù, mo rẹ wọ́n sómi ọṣẹ mọ́jú, òkè lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló ṣí, gọ́ọ̀mù dúró gbagidi. Mo fi kànìnkànìn onírin ha á, ó kàn di èérí dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ní kí n fi kẹrosíìnì pa á. Ìgò oúnjẹ kẹ̀? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn.

Àṣé gọ́ọ̀mù yẹn kò mọ omi, òróró ló mọ̀. Mo fi òróró tí mo ti fi din dòdò pa á, mo fi sílẹ̀ títí ó fi rọ̀, mo wá fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìgò ń dán gbinrin! Ẹ má fi òróró tuntun ṣòfò, ẹ mọ iye tó ń lọ lọ́jà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ìgò, ẹ fi ìka tí ẹ tì bọ omi ra etí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bó bá wú, bébà ni, ẹ rà á. Bó bá ń dán bí ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ gbóòórùn ẹnu ìgò náà, torí àwọn kan ti fi gba kẹrosíìnì rí.

Ìyókù ò le. Mo da ìgò dé sí oòrùn títí inú rẹ̀ fi gbẹ, mo ra kọ́ọ̀kì tuntun, bùrọ̀dá télọ̀ sì fún mi ní àjákù ańkárá ọ̀fẹ́ tí mo so mọ́ ọrùn wọn. Owó gbogbo ìgò náà, tẹ̀pà tẹ̀pà, kò tó ti apẹ̀rẹ̀ kan yẹn.

Ìyá ọkọ mi gbé tiwọn sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán ọmọ wá, òun àti ìgò òfìfo: "Ìyàwó mi, bá mi rọ ọ́ kún."