Ẹni tí kò sí nílé lọ́sàn-án ló jẹ owó wa: ìrírí mi lórí ìwádìí ohun ìdáná n'Íbàdàn

Iṣẹ́ tí a gbé síta kò le. Àgbàlagbà 400 ni a fẹ́ bi léèrè káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà nínú ìgboro Ìbàdàn: kí ni wọ́n fi ń dáná, kí ló dé tí wọ́n fi yan án, kí sì ni èrò wọn nípa gáàsì. Iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ojúlé-dé-ojúlé lọ́wọ́ wa dá iye, a san án, wọ́n sì kó fọ́ọ̀mù 400 dé kí gbèdéke tó pé. Gbogbo rẹ̀ kún, kò sí ibi tó ṣófo. Ìgbà tí mo tò wọ́n ní aago-aago ni ara mi gbóná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Àwọn tó dáhùn ni obìnrin tó ń tajà níwájú ilé, àwọn arúgbó, àti ọ̀dọ́ tí kò tíì ríṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba, mẹkáníìkì, awakọ̀, ìyálọ́jà tó ń jí lọ sí ọjà Bódìjà: ẹ ò lè rí wọn níbẹ̀ bí ẹ bá fi fìtílà wá wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ẹni tí wọ́n fi káàdì yàn nínú ilé láti dáhùn kò bá sí nílé, ẹni tó wà nílé ni wọ́n bi. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé, kò sì sí kọ́bọ̀ kan fún ìpadàlọ nínú ìwé ìṣirò wọn. Èmi ni wọ́n wá gbé àtúnṣe fún. Owó tó bá a lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí a yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀, mo sì ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu akápò wa títí di òní.

Ẹni tó bá ní kí ló burú nínú fọ́ọ̀mù ọ̀sán, kó ro ọ̀rọ̀ oúnjẹ wò. Ẹni tó wà nílé láti àárọ̀ lè gbé ẹ̀wà ka iná èédú, kó fi í sílẹ̀ kó máa jinná. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ebi ń pa àwọn ọmọ, gáàsì ni yóò tàn bó bá ní i. Bí ẹ bá bi àwọn ará ọ̀sán nìkan, èédú yóò gba ìlú kan. Ohun tí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ gan-an nìyẹn, pé àwọn ará Ìbàdàn kò fẹ́ gáàsì. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lo gáàsì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù sórí KoboToolbox, ètò tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó bá lè lo WhatsApp á lè lò ó. Yíyan àdúgbò náà kò gba wàhálà. A to àwọn ibùdó ìdìbò INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún náà, a kọ iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń rò ó pọ̀ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi iye àdúgbò tí ẹ fẹ́ pín àròpọ̀ náà, kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀kan àti èsì náà, kí ẹ wá máa fi èsì náà fo lọ dé ìparí. Ibùdó tó bá bọ́ sí ni oníbèéèrè yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nítorí pé ọdún 2006 ni Nàìjíríà ka èèyàn kẹ́yìn, tí wọ́n sì ti sún ti 2023 síwájú, ìwé INEC sún mọ́ ibi tí èèyàn wà báyìí ju ìwé ìkànìyàn lọ.

Ohun kan tí mo yí padà nìyí. Iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ mú àdúgbò 40, wọ́n bi èèyàn mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìyẹn dín owó ọkọ̀ kù, àmọ́ ohun ìdáná máa ń jọra láàárín aládùúgbò: òpópónà tí ilé ìrọ-gáàsì wà nítòsí, gáàsì ni wọ́n ń lò, ibi tí ọlọ́jà èédú wà ní ìkóríta, èédú ni. Ẹni kẹwàá kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ẹni kẹsàn-án kò tíì sọ. Bí ìjọra náà bá jẹ́ 0.1 (òdo ni pé wọn kò jọra rárá, ọ̀kan ni pé bákan náà ni gbogbo wọn), èèyàn 400 tí ẹ bi ní mẹ́wàá-mẹ́wàá kò ju bíi 210 tí ẹ mú lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ìlú lọ, àlàfo àṣìṣe, ìyẹn bí èsì wa ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó, yóò sì kúrò ní nǹkan bí 5%, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7%. A sọ ọ́ di àdúgbò 80, èèyàn márùn-ún-márùn-ún. Àlàfo náà wá sún mọ́ 6%. Owó takisí Máíkírà pọ̀ sí i lóòótọ́, mo sì san án pẹ̀lú ìdùnnú.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí iṣẹ́ ti há. Láti ibùdó ìdìbò, oníbèéèrè á kọjú sí ibi tí fóònù bá ní kó kọjú sí, á máa ka ilé ọwọ́ òsì, á dúró ní ìkẹwàá. Ní Ring Road, ìyẹn rọrùn. Ní Bẹẹrẹ, Ọjẹ́ àti Yemetu, kí ni wọ́n ń pè ní ilé? Agboolé kan lè ní ìdílé tó pọ̀ ju òpópónà kan lọ ní Akóbọ̀. Ìlànà wa ni pé àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, kì í ṣe àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Bí ìyàwó méjì bá ń dáná lọ́tọ̀ lábẹ́ ọkọ kan, ìdílé méjì ni. Ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ tó ní yàrá mẹ́wàá lè jẹ́ ìdílé mẹ́wàá. Nítorí náà a máa ń ka ìkòkò, kì í ṣe ilẹ̀kùn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé, ní apá òsì. Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ lọ rí mọ́gàjì, olórí agboolé. Bí ẹ bá fo ìyẹn, ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà náà á lé yín jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 nínú ìdílé náà kí fóònù tó lè mú ọ̀kan. Àwọn kan máa ń béèrè ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọjá láìpẹ́ jù. Níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ẹ gbàgbé ìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá bi màmá ilé pé "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?", ojú wọn á yí padà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má béèrè iye rárá. Ẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá yín jẹun nínú ilé yìí tó ti dàgbà?" Wọ́n á máa dárúkọ, ẹ̀yin á máa kọ, fóònù ni yóò ka iye. Orúkọ ìnagijẹ náà ti tó, "Ìyá Ìbejì" tàbí "Bọ̀dá Táyọ̀", nítorí ẹ ò nílò ju ohun tí ẹ ó fi béèrè ẹni náà nígbà tí ẹ bá padà wá.

Ẹ ó sì padà wá. Àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìgbà tí ẹni náà máa ń wọlé, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ bí wọ́n bá fún yín. Ìlànà wa ni pé a ó wá lẹ́ẹ̀mẹta ní àkókò tó yàtọ̀ síra kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò rí i: ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lẹ́yìn aago méje alẹ́, ọ̀kan ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí a kò bá rí i, a kò gbọ́dọ̀ fi ará ilé rẹ̀ rọ́pò. Ìdílé mìíràn pátápátá la ó lọ, fóònù yóò sì tún mú ẹni mìíràn. Ọjọ́ Sátidé kò wúlò. Àwọn tí ẹ ń wá ti wọ aṣọ ẹbí jáde. Aago mẹ́rin sí méje ọjọ́ Àìkú ni mo ti rí èèyàn jù. Ní ti alẹ́, ẹ má rán oníbèéèrè kan ṣoṣo jáde. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ rìn pọ̀, kí awakọ̀ dúró dè wọ́n, nítorí àwọn fijilanté máa ń ti ọ̀pọ̀ òpópónà pa lálẹ́, ọkọ̀ tí ẹ máa rí nígbà yẹn yóò sì gba iye tó bá wù ú. Àwọn owó wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹ́sítéètì ló wá pa mí lára jù. Máígàdì ní kí a lọ rí alága. Alága ní kí a kọ lẹ́tà. A kọ lẹ́tà, ó ní ó di ìpàdé oṣù. Ìpàdé dé, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó rán wa. A mú lẹ́tà mìíràn wá, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ oníbèéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní kí a máa wá láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Ọ̀sán náà la ń sá fún! Gbogbo àdúgbò yòókù ti parí, a sì ń dúró de géètì. Àǹfààní tí mo rí nígbẹ̀yìn ni pé kí ọ̀kan nínú àwọn onílé tó ti gbà láti dáhùn pe máígàdì fúnra rẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe, lẹ́tà ẹ́sítéètì ni mo máa kọ́kọ́ kọ, kí fọ́ọ̀mù tó wà rárá.

Ní ti ìbéèrè, ẹ má gbára lé "Kí lẹ máa ń fi dáná?" Àwọn kan á ní gáàsì, nítorí ó jẹ́ ohun ọ̀làjú, nígbà tí sítóòfù eléèédú ṣì ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn mìíràn rò pé ẹ wá kọ orúkọ fún páléétífù, wọ́n á ní iná igi ni àwọn ń dá, kí ẹ lè káàánú wọn. Irọ́ méjèèjì kò pa ara wọn rẹ́, nítorí àwọn tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ ló ń pa àkọ́kọ́, àwọn aláìní sì ni wọ́n ń pa èkejì. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀: kí lẹ sè lálẹ́ àná, kí lẹ fi sè é? Ìgbà wo lẹ rọ gáàsì kẹ́yìn, kílò mélòó? Ẹni tó ní gáàsì nìkan lòun ń lò, àmọ́ tí kò rántí ìgbà tó rọ ọ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó béèrè èrò wọn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ kejì ti san owó rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó sọ pé ẹ̀rù ìbúgbàù gáàsì ń ba àwọn, sìlíńdà wà ní ilé ìdáná wọn. Ẹ̀rù kò dí wọn lọ́wọ́. Ilé kan náà ń fi gáàsì po tíì láàárọ̀, ó ń fi èédú se ẹ̀wà àti ẹran. Owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń darí wọn: èédú ṣeé rà ní ọ̀rá kékeré pẹ̀lú ohun tó bá ṣẹ́ kù lápò, ọ̀pọ̀ ilé ìrọ-gáàsì kì í sì í fẹ́ rọ ohun tí kò tó kílò kan. Ẹni tó bá ń polongo pé gáàsì kò léwu ń dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn pe èèyàn lórí fóònù. Ó dínwó, ó sì yá. Àmọ́ ẹ rántí ìwádìí ANAP àti NOIPolls lórí ìbò ààrẹ tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2022, tí wọ́n ṣe lórí fóònù: 23% ló mú Peter Obi, 13% ló mú Bola Tinubu, 10% ló mú Atiku Abubakar. Èyí ni àwọn ìwé ìròyìn gbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ fò ni pé àwọn tí kò tíì pinnu àti àwọn tó kọ̀ láti sọ lé ní ìdajì gbogbo olùdáhùn. Ní Oṣù Kẹta 2023, INEC kéde Tinubu pẹ̀lú nǹkan bí 37% ìbò, Atiku 29%, Obi 25%, àwọn tó jáde dìbò kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ìwádìí náà kò fi ìdajì tó dákẹ́ pamọ́. Àwọn tó kà á ni kò wo ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ àwọn tí a kò rí àti àwọn tó kọ̀ sí òkè ìjábọ̀, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní.

Kí ẹ tó ṣe ìṣirò, ẹ rántí pé ẹni kan tí ẹ mú nínú ìdílé alágbàlagbà mẹ́fà ń ṣojú fún mẹ́fà, ẹni tó ń dá gbé ń ṣojú fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹ fi iye yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ sì máa yẹ fọ́ọ̀mù wò lálaalẹ́, ẹ má dúró de òpin iṣẹ́: aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ibi tí GPS tọ́ka sí, iye "mi ò mọ̀" tó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè ọgbọ̀n tó parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù tí kò ní "mi ò mọ̀" kankan, ẹ pe nọ́ńbà inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti owó, mi ò san owó lórí fọ́ọ̀mù mọ́. Lílọ ni mo ń san owó lé: ti àkọ́kọ́, ti alẹ́, ti òpin ọ̀sẹ̀, yálà wọ́n rí ẹni náà tàbí wọn kò rí i, bí GPS bá ti jẹ́rìí. Nínú ìwé ìṣirò mi báyìí, ìdajì owó ojú pápá jẹ́ ti ìpadàlọ. Iléeṣẹ́ tó bá ní òun lè ṣe é ní owó tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ fi aago tó wà lórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn hàn mí kí n tó buwọ́ lùwé.