Bí ẹ ṣe máa dúró ti Màmá tàbí Bàbá yín tó ń gba kímò, oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ

Kẹ́ ẹ tó ra fítámìn, kẹ́ ẹ tó ra èso, ẹ kọ́kọ́ lọ ra ìwé. Ìwé tó nípọn bíi ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, kẹ́ ẹ fi okùn so báírò mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n sọ fún wa ní Ìbàdàn pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe Màmá wa, a ò mọ èyí, odidi oṣù kan la fi ń bára wa jiyàn, èmi ní Tuesday ni dókítà ní ká wá, àbúrò mi ní rárá o Thursday ni, bọ̀dá wa tó wà ní London ń bi wá lórí fóònù pé oògùn wo gan-an ni wọ́n ń fún wọn, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ọjọ́ tá a ra ìwé yẹn lọkàn wa balẹ̀ díẹ̀.

Ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà káàdì ọsibítù, irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, àti oògùn tí ara wọn kì í gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí dókítà bá sọ, orúkọ oògùn, bí wọ́n ṣe jẹun, bóyá wọ́n bì, àti ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ bi dókítà, torí bẹ́ ẹ bá fi máa dé iwájú rẹ̀ gbogbo ẹ̀ á ti fò lórí yín. Ẹ ya fọ́tò èsì tẹ́ẹ̀sì gbogbo sí fóònù ẹni méjì. Fáìlì máa ń sọnù, tiwa sọnù lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò yẹn ló kó wa yọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni èsì báyọ́psì (biopsy), ìyẹn ẹran tí wọ́n gé nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò ní láàbù. Tó bá jẹ́ ti ọmú, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe ER, PR àti HER2 sí i, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń wo ohun tó ń mú kí jẹjẹrẹ náà dàgbà, torí oríṣiríṣi ni jẹjẹrẹ ọmú, àwọn tẹ́ẹ̀sì yẹn ló ń jẹ́ kí dókítà mọ oògùn tó máa ràn án. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ó dùn wá wọra, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó.

Ẹ wá pín iṣẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn á máa ṣe gbogbo nǹkan, ìjà nìyẹn máa ń dá sílẹ̀. Ẹnì kan á máa bá wọn lọ sọ́sibítù, ẹnì kan á mójú tó oúnjẹ, ẹnì kan á máa tọ́jú owó sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kó máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde síta sínú WhatsApp fún gbogbo yín, títí kan owó ọ̀kadà. Ẹni tó wà lókè òkun, owó ló rí fi ràn yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ sí i pé kò wá. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni kó máa dá àwọn ẹbí lóhùn, torí wọ́n á pè o, ogún èèyàn láàárọ̀, tí Màmá fúnra wọn bá ń gbé gbogbo ẹ̀ wọn ò ní sinmi. Ní ti owó, ẹ bèèrè ọ́fíìsì àwọn sóṣà wọ́kà (social worker) lọ́sibítù, kẹ́ ẹ bèèrè nípa NHIA, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, àti Cancer Health Fund, owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ti ìjọba àpapọ̀ ni méjèèjì. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate tó ń ṣe ọkùnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Cancer Health Fund yìí, UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Íbàdàn, sì wà lára ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹ tètè bèèrè, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ta mọ́tò.

Ṣé ká fi àìsàn náà bò fún wọn ni? Èmi ò fara mọ́ fífi bò. Àǹtí wa àgbà ní ká máa sọ pé kókó lásán ni, pé ẹ̀rù lè pa Màmá. Oṣù méjì la fi ń ṣe eré yẹn, a ò mọ̀ pé Màmá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, àwọn náà ló ń ṣeré fún wa kí ẹ̀rù má baà ba àwa.

Ọjọ́ kímò gan-an. Wọ́n máa ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí sẹ́ẹ̀lì funfun bá lọọlẹ̀ wọ́n á sún un síwájú, torí náà ẹ ṣe é ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú kẹ́ ẹ má baà jókòó láti aago mẹ́fà kí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ẹ gbé omi, ìbora, oúnjẹ fúyẹ́. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta Màmá bí iná nígbà tí oògùn ń wọlé, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n máa sọ pé “ó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n fara dà á”, torí àwọn oògùn kan lè jó ẹran ara tí wọ́n bá jò síta iṣan. Oògùn pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní doxorubicin, ó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa! Aago mẹ́wàá alẹ́ ni Màmá pariwo láti ilé ìwẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lòún ń tọ̀, gbogbo ilé dìde. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn kímò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ ẹ bá máa palẹ̀ ìtọ̀ tàbí èébì mọ́, kẹ́ ẹ fọ aṣọ tó bá kàn án lọ́tọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sí mi jù rèé: ibà. Nílé wa níbí, kí ara ṣá ti gbóná, malaria ni, a ti dé ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì. Ẹ má dán an wò fẹ́ni tó ń gba kímò. Oògùn yẹn ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, ó sì sábà máa ń lọọlẹ̀ jù láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, nígbà yẹn àrùn tí kò tó nǹkan lè gbẹ̀mí èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà, kì í ṣe kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí. Tó bá ti di 38 lórí tẹmómítà, ẹ gbéra lọ sọ́sibítù, ì báà jẹ́ aago méjì òru, ẹ má sì fún wọn ní parasítámọ́ọ̀ ṣáájú torí ó máa bo ibà náà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá kímò kejì, ara Màmá di 38.4, àbúrò mi ti ń wá oògùn ibà nínú dúrọ́ọ̀, mo ní rárá, a wọ mọ́tò. Bá a ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà ni mo sọ fún wọn pé “wọ́n ń gba kímò, ara wọn gbóná”, ẹ sọ gbólóhùn yẹn fún ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa oògùn apakòkòrò sí wọn lára.

Àgbo ńkọ́? Ó máa wá. Ẹ̀gbọ́n Màmá wa gbé gálọ́ọ̀nù méjì wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní jẹjẹrẹ kì í fẹ́ ọ̀bẹ, pé tí wọ́n bá fọ̀bẹ kàn án á tàn káàkiri. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kì í dé ọsibítù títí á fi pẹ́ jù, tí wọ́n bá wá kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀bẹ làwọn èèyàn ń dá lẹ́bi. Ẹ má bá àgbàlagbà jà. A kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a gbé gálọ́ọ̀nù sẹ́yìn fíríìjì, ó wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń palẹ̀ kímò mọ́ náà ni àgbo máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má di ẹrù méjì lé wọn. Tí Màmá bá ti mu nǹkan kan kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú.

Oúnjẹ, díẹ̀ díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òórùn fùfú lé Màmá kúrò nílé, ògì tútù àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú ẹja àti ẹyin tó jinná dáadáa. Síbí irin ń jẹ́ kí ẹnu wọn kan, a fi ike pààrọ̀ rẹ̀. Súyà títì àti nónò (wàrà Fúlàní), ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn. Tí ẹnu bá dégbò, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti báákín sódà díẹ̀, kí wọ́n máa fi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ dín ata kù.

Irun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ gé e kó tó já, ẹ má dédé gbé kílípà dé.

Rẹdiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, Èkó la ti ṣe é, ní NSIA-LUTH, ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sí ọsibítù LUTH ní 2019, a rí ilé gbé ní Sùúrùlérè, torí Monday sí Friday ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ṣeé máa lọ máa bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n máa ń fàmì sára níbi tí ìtànṣán náà máa kàn, ẹ má fi kànrìnkàn pa á rẹ́, ẹ má sì fi òrí tàbí abóníkí sójú ibẹ̀ láìbi wọ́n. Wọ́n ti yọ kókó Màmá tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn kókó abíyá, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, a kì í jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tàbí kí wọ́n fi wọn BP, a kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú wọn náà, ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín lóru. Èmi sùn lórí bẹ́ǹṣì ní wọ́ọ̀dù, mo ṣubú lọ́jọ́ kan, Màmá tó ń ṣàìsàn ló dìde wá gbé mi.

A ti wà lórí ìwé kejì báyìí, oògùn oníhóró tí wọ́n á máa lò fún ọdún márùn-ún là ń kọ síbẹ̀. Màmá ti gba báírò lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i lánàá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewédú tí mo sè ní Saturday kò fà rárá.